Ojú Fáòsíátù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, 1989

Ìbídùn ọmọ ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má tún un ṣe fún mi.

Adékúnlé bàbá rẹ ti Ìkẹjà dé lónìí, kò jẹun. Olóòtú tuntun tí wọ́n gbé wá sí mágásìnì wọn, Ọdúnayọ̀ ni wọ́n ń pè é, ó ní fọ́tò Adékúnlé ti di ti àtijọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọ mi ti ń ya fọ́tò fún wọn. Ọmọkùnrin yìí ní gbogbo ẹni tí Adékúnlé bá yà ló máa ń jókòó bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga. Ó ní ojú wọn mọ́ jù, pé kò sí èèyàn láyé tí ojú rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó fún un láyè di ìparí oṣù kẹjọ. Tí kò bá tíì mú fọ́tò kan wá tí wọ́n lè gbé síwájú ìwé, kó máa lọ.

Èmi ni mo ń ṣe ojú àwọn èèyàn náà. Láti ìgbà tí Àkàndé ọkọ mi ti ṣí sítúdíò yìí ní Okokomáíkò ni mo ti ń ṣe é, mo sì ń ṣe é lọ lẹ́yìn tó kú. Pẹ́ńsùlù ni mo fi ń tún ibi tó bá ṣókùnkùn ṣe, ọ̀bẹ tín-ín-rín ni mo fi ń ha ibi tó bá ń dán. Mi ò mọ ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ nẹ́gátíìfù. Ohun tó bá dúdú nínú rẹ̀, funfun ni yóò jẹ́ lórí pépà. Tí ẹnikẹ́ni bá wá ní ojú mọ́ jù, èmi ló ń bá wí. Adékúnlé ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà

Adékúnlé lọ ya olóyè kan ní Ọ̀jọ́. Ó yà á bí olóòtú ṣe fẹ́: ó ti kámẹ́rà súnmọ́ ojú baba náà títí tí fìlà fi bọ́ sí ẹ̀yìn òde fọ́tò. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tó gbé e lọ, baba náà yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀.

“Adékúnlé, fìlà mi dà?”

“Bàbá, wọn ò fẹ́ fìlà mọ́ ní Ìkẹjà. Ojú nìkan ni wọ́n fẹ́.”

“Ẹni tí kò fẹ́ fìlà mi, kò fẹ́ mi nìyẹn. Mú un lọ fún wọn, kí wọ́n máa wo ihò imú mi.”

Ó mú un lọ. Olóòtú ní baba náà ṣì ń ṣe bí ẹni tí wọ́n ń yà. Mo ní kí ló yẹ kó ṣe, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ń yà á?

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wọ́n ní dúdú-àti-funfun ti di ti arúgbó, pé kálà ni ayé ń fẹ́. A wá kẹ́míkà kálà kiri. Ní báyìí dúdú-àti-funfun ni ọmọkùnrin yìí ń béèrè. Ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe irú ti bàbá wa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òjò láti àárọ̀. Páálí pépà fọ́tò ti di ìlọ́po méjì iye tí a rà á nígbà Àjíǹde. Kò sẹ́ni tó wá jókòó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Obìnrin kan wá lónìí. Fáòsíátù lorúkọ rẹ̀, ará Ìsẹ́yìn ni, ọṣẹ ló ń tà ní ọjà bárékè Ọ̀jọ́. Ní oṣù kejì ó ra kẹrosíìnì tí wọ́n ti pò mọ́ pẹtiróòlù, ó ṣáná sí sítóòfù, ó bú mọ́ ọn lójú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, láti etí dé àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ pupa, ó ń dán bí ike. Ó fi gèlè bò ó wọlé.

Adékúnlé ló ti ń wá a. Mágásìnì fẹ́ kọ nípa kẹrosíìnì náà.

Ó ní, “Bọ̀dá Adékúnlé, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i. Bóyá ẹlòmíràn á máa gbóòórùn rẹ̀ kó tó rà á.” Ó wá kọjú sí mi. “Ṣùgbọ́n Màmá, mo fẹ́ kádì kan, fọ́tò kékeré lórí páálí, fún ara mi. Ìyá mi nílé ò mọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo jẹ́ fún wọn. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé ibà ni kò jẹ́ kí n wá sílé, wọn ò gbàgbọ́. Tí wọ́n bá rí fọ́tò, ọkàn wọn á balẹ̀.”

“O fẹ́ kí n mú àpá náà kúrò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ìyá rẹ á rí ọ lọ́jọ́ kan.”

“Kì í ṣe lọ́dún yìí.”

Mo ní màá ṣe é. Mo ti ṣe èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ó jókòó lónìí. Kámẹ́rà ńlá ti Àkàndé ni Adékúnlé lò, nítorí fíìmù kékeré máa ń fọ́ tí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ dé iwájú mágásìnì. Fíìmù ńlá méjì péré ló kù nílé, ó sì lo méjèèjì. Fáòsíátù tú gèlè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé itan. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Adékúnlé ní kó gbé ọwọ́ kúrò lórí itan. Ó gbé e kúrò. Kò pẹ́, ó dá a padà.

Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Adékúnlé ti lọ sí Ìjànikin láti àná, ó lọ ya àwọn tó ń kọ́lé. Mo já nẹ́gátíìfù méjèèjì lórí okùn, mo gbé wọn síwájú fèrèsé. Nínú ọ̀kan, Fáòsíátù wò wá tààrà. Nínú èkejì, iná kámẹ́rà ti mú un, ojú rẹ̀ pa dé.

Òfin Àkàndé ni pé ẹni tó bá jókòó ló ni èyí tó dára jù. Èyí tó bá kù ni sítúdíò lè gbé kọ́ síta tàbí kó fún àwọn oníwèé ìròyìn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo mú èyí tó dára, mo fi ọ̀bẹ ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí mo parí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Ojú mi ṣì ń ríran dáadáa.

Mo fọ kádì kan, mo lu òǹtẹ̀ sítúdíò tó ní àdírẹ́sì wa sẹ́yìn rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Fáòsíátù wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́. Ó wò ó pẹ́.

“Màmá, mo ti gbàgbé ẹni yìí.”

Ó gbé e fún awakọ̀ tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn, kó fún ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ọgbọ̀n

Adékúnlé dé. Ó wọ yàrá òkùnkùn, ó tún jáde.

“Màámi, èwo lẹ fi ọ̀bẹ kàn?”

“Èyí tó dára.”

“Ti mágásìnì nìyẹn.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èkejì dijú, Màámi.”

“Mo rí i. Ìdí tí mi ò fi mú un nìyẹn.”

Ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó ní fọ́tò tí òun ti ń wá láti ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ha kúrò. Mo ní òfin ilé yìí ni mo tẹ̀ lé. Ó ní òun mọ̀, pé òfin ilé yìí ló ń lé òun kúrò níbi iṣẹ́.

Ó lọ bẹ Fáòsíátù kó tún jókòó. Fáòsíátù ní rárá. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ni òun lè gbé ojú yìí wá, òun sì ti gbé e wá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù keje

Ó gbé èyí tó dijú lọ sí Ìkẹjà. Mo ní kó má gbé e lọ. Òkú là ń yà tó ń dijú. Nígbà ayé Àkàndé, tí ẹnikẹ́ni bá pajú, a máa ń gé fíìmù náà lójú rẹ̀ ni, kó lè rí i pé kò sí mọ́.

Ó padà dé pẹ̀lú ẹja àti ẹ̀rín. Olóòtú dìde lórí àga nígbà tó rí i. Ó ní, “Bọ̀dá Kúnlé, níbo lẹ ń fi èyí pamọ́ sí?” Ó ní èèyàn á rí ìrora obìnrin náà láìjẹ́ pé ó ń wo èèyàn lójú. Ó ní àṣìṣe ni àwọn ìlú òyìnbó ń wá báyìí. Iwájú ìwé ló ń gbé e sí, kò sì sí ẹni tó máa lé Adékúnlé lọ mọ́.

Láti inú ohun tí à ń gé dànù ni oríire ọmọ mi ti wá. Mo jẹ ẹja náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje

Ó jáde lónìí. Wọ́n so mágásìnì náà kọ́ gbogbo ibùdókọ̀ láti Ìyànà Ìbà dé Okoko. Ojú Fáòsíátù tóbi ju àwo lọ, ó dijú, àpá náà ń dán. Florence tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wa gba ọ̀kan lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, ó wá dúró, ó ń wò ó.

“Màmá, ṣé obìnrin tó wá síbí kọ́ nìyí? Ó mà ti kú o. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.”

Mo ní kò kú. Kò gbà mí gbọ́. Kò mọ ìwé, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, fọ́tò nìkan la sì mọ̀ ọ́n kà.

Fáòsíátù fúnra rẹ̀ dé ní ọ̀sán. Oníbàárà kan ti ju ọṣẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ké pé òkú ni, ó sá.

“Bọ̀dá Adékúnlé, ẹ pa mí.”

“Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé o wà láàyè. Wò ó, ìlà kejì níbí.”

“Mélòó nínú wọn ló lè kà á?”

Mo sọ fún Adékúnlé pé kó bẹ obìnrin náà. Ó dọ̀bálẹ̀. Fáòsíátù ní kó dìde, pé ìdọ̀bálẹ̀ ò la ojú ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Jẹ́ kí n rọra sọ èyí. Má sáré kọ ọ́.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Eruku ọ̀nà jíjìn wà lára wọn. Kádì tí mo ṣe ló wà lọ́wọ́ obìnrin náà, òǹtẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń béèrè ọ̀nà láti Ìyànà Ìbà. Ó ní Àdìjá ni òun, ìyá Fáòsíátù. Awakọ̀ kan ló gbé mágásìnì dé Ìsẹ́yìn. Àwọn ẹbí wo kádì, wọ́n wo mágásìnì. Wọ́n ní ọmọ náà ti kú, pé fọ́tò ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì dá ni wọ́n fi ránṣẹ́ láti fi tu àwọn nínú.

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ yà á. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n sin ín sí?”

“Ọmọ yín wà lọ́jà bárékè. Ọṣẹ ló ń tà.”

Kò gbọ́ mi. Ó tún béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí.

Mo ní kí Adékúnlé lọ mú Fáòsíátù wá. Títí tó fi dé, obìnrin náà kò jókòó, kò mu omi. Nígbà tí Fáòsíátù wọlé, ó ti fi gèlè bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá rẹ̀ ló tú gèlè náà. Ó gbé kádì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọmọ rẹ̀. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Kò sunkún. Ó kọjú sí wa.

“Ta ló ṣe èyí?”

Mo ní, “Èmi ni.”

“Ẹ purọ́ fún mi.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Èyí náà ńkọ́?” Ó na mágásìnì.

Adékúnlé ní, “Èmi ni, Màmá.”

Ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì nínú ilé kan ṣoṣo. Ọ̀kan ní iná ò jó o, ọ̀kan ní ó ti kú. Ṣé kò sí ẹni tó lè ya ọmọ mi bó ṣe wà ni?”

Mo ti ṣe ojú fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Kò tíì sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo gbé nẹ́gátíìfù tí mo ha jáde. Mo rò pé tí ọ̀bẹ bá ti mú àpá kúrò, pẹ́ńsùlù lè dá a padà, kí mágásìnì lè rí ojú tó là pẹ̀lú àpá tó jẹ́ òótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti kọjá, pẹ́ńsùlù kì í dì mú un, ńṣe ló ń yọ̀. Ohun tí mo fi síbẹ̀ dà bí ìdọ̀tí. Mo mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ pé kò ní ṣe é ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Fáòsíátù wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ti wọ ìró àti bùbá aláró, ó gbé gèlè sókè kúrò létí.

Ó ní, “Ẹ tún mi yà. Kó má ṣe dà bíi ti Ìkẹjà. Mo fẹ́ jókòó bí ìyá mi ṣe jókòó nínú fọ́tò wọn.”

Adékúnlé ti wá fíìmù ńlá rí ní Ìdúmọ̀tà. Fáòsíátù jókòó gbọnrangandan, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Adékúnlé wò ó láti inú kámẹ́rà.

“Fáòsíátù, mi ò ní tàn ọ́. Irú èyí ni olóòtú ń lé mi lọ fún.”

“Ṣé ojú olóòtú ni?”

Àdìjá dúró lẹ́yìn kámẹ́rà. Ó ní, “Wo ọ̀dọ̀ mi níbí. Má pajú.” Kò pajú.

Nígbà tí fíìmù gbẹ, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo rí àmì kékeré kan lágbọ̀n rẹ̀ tí kì í ṣe ti iná, ọwọ́ mi lọ sí pẹ́ńsùlù fúnra rẹ̀. Mo gbé pẹ́ńsùlù fún Ìbídùn kó fi kọ ìwé yìí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù kẹjọ

Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí Ìkẹjà, èmi, Adékúnlé àti Fáòsíátù. Olóòtú náà kéré ju bí mo ṣe rò ó lọ. Ó kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga. Mi ò ní sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ó gbé fọ́tò náà sókè.

“Màmá, èyí dára. Lára ògiri ló dára sí.”

“Lára ògiri ta?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń yin èyí tó wà níwájú ìwé, pé wọ́n ti kọ lẹ́tà wá láti òkè òkun, pé ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń béèrè nípa kẹrosíìnì náà. Òótọ́ ni, Fáòsíátù náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní tí òun bá tẹ èyí, ńṣe ló dà bíi pé òun ń sọ pé ti àkọ́kọ́ ò dára.

Mo ní, “Kò dára.”

“Màmá, ayé ti yí padà. Fọ́tò kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ mọ́.”

“Mo gbọ́. Ìyá rẹ̀ wá béèrè sàréè ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣé ìyẹn náà wà nínú ayé tó yí padà?”

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo Fáòsíátù. Fáòsíátù ti tú gèlè, ó ń wò ó, kò pajú. Ọmọkùnrin náà ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò.

Adékúnlé wá sọ̀rọ̀.

“Ọ̀gá, tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, mi ò ní ya òmíràn fún yín.”

“Bọ̀dá Kúnlé, nítorí fọ́tò tó dà bíi ti páásípọ́ọ̀tù yìí? Nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀nà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Olóòtú fi fọ́tò náà sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní, “Màá tẹ̀ ẹ́. Nítorí obìnrin yìí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pàṣẹ ohun tí n máa tẹ̀ fún mi, a ò lè jọ ṣiṣẹ́. Ẹ kó ẹrù yín.”

Ẹrù náà ò ju àpò kan lọ. Fáòsíátù ló bá a gbé e.

Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Adékúnlé kọ pátákó sí ẹnu ọ̀nà: fọ́tò páásípọ́ọ̀tù, fọ́tò ìdánwò. Mo bi í bóyá ó ń bínú sí mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó yẹ kó bínú. Lẹ́yìn náà a jọ po kẹ́míkà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ

Ó jáde lónìí. Wọ́n fi fọ́tò tuntun Fáòsíátù sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan lẹ́yìn mágásìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó ìpara. Kò ju páálí ìṣáná lọ. Ìbídùn fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi, mo ní kó dúró ná.

Mo mú un jáde síta, mo gbé e fún Florence níwájú búrẹ́dì rẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

Ó ní, “Obìnrin yẹn. Kò kú ni?”

Mo ní kò kú.